Nana Olomu, Gómìnà Odò Benin, àti Ilé Tí Ó Kọ́ Sí Koko

Ìtàn ẹni ńlá tí ó ti kú tipẹ́ kì í ṣe ohun àfipawọ́ lásán nínú ìwé bí èyí. Ẹ̀kọ́ ni fún ọmọdé, ìrántí ni fún àgbà, ìkìlọ̀ sì ni fún gbogbo ẹni tí ó ní ilé baba tí kò fẹ́ kí ó di àlàpà. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́dún yìí ni Nana Olomu, olówó, alágbára àti gómìnà àwọn Ìtsẹkírì ní Odò Benin. Kì í ṣe ọmọ Èkó, ṣùgbọ́n Èkó ni ó sá wá nígbà tí ayé gbóná mọ́ ọn, Èkó náà ni ó sì ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń wá a. Èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ bá èdè Yorùbá tan, omi ọ̀sà wa sì ni ọ̀nà tí ó so wọ́n mọ́ wa láti ìgbà láéláé. Nítorí náà, kì í ṣe àlejò sí wa.

Lóde òní, bí a bá dárúkọ ìlú epo, epo rọ̀bì ni ọkàn olúkúlùkù ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ṣáájú ọdún 1956 tí a rí epo rọ̀bì tí ó tó tà ní Oloibiri, epo pupa ti sọ etí òkun náà di ibi tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, àwọn oníṣòwò Liverpool tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó epo. Epo pupa ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là nílẹ̀ òyìnbó, òun náà ni wọ́n fi ń pa ara ẹ̀rọ kí irin má baà jẹ irin. Ọjà náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi sọ gbogbo agbègbè náà ní Odò Epo. Nínú àwọn Odò Epo wọ̀nyí ni Odò Benin wà, níbi tí àwọn Ìtsẹkírì jẹ́ ọ̀gá òwò.

Ní ọdún 1852 ni a bí Nana. Olomu ni orúkọ baba rẹ̀, ọmọ Ìtsẹkírì ni; ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Urhobo. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìbí rẹ̀, ní 1848, Olú Akengbuwa tí ó jẹ́ ọba Warri wàjà, ìtẹ́ sì ṣófo láìsí ẹni tí ó jẹ títí di ọdún 1936. Nígbà tí kò sí ọba, àwọn ìdílé olówó ni ó gba agbára, olúkúlùkù pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, ẹrú rẹ̀ àti ọmọ ogun rẹ̀. Nítorí pé àwọn òyìnbó ń fẹ́ ẹnìkan tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀ bí ìjà bá dé lórí ọjà, kọ́ńsúlù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹnìkan jẹ Gómìnà Odò Benin ní ọdún 1851, ó sì fún un ní ọ̀pá àṣẹ. Iṣẹ́ gómìnà yìí ni láti gba owó orí ọkọ̀ òkun tí ó bá wọ odò, láti parí ìjà, àti láti rí i pé ẹni tí ó jẹ gbèsè san án. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ni ó ń di ipò náà mú, kì í ṣe òyìnbó.

Olomu baba Nana jẹ́ jagunjagun, ó sì tún jẹ́ ọlọ́jà. Òun ni ó tẹ ìlú Ebrohimi dó sínú àbàtà, níbi tí àlejò kò lè dé bí kò bá mọ ojú ọ̀nà omi. Wọ́n fi ọkọ̀ ru iyanrìn láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi kún ilẹ̀ ẹrẹ̀ títí ó fi le tó láti kọ́ ilé sí. Ní ọdún 1879 Olomu di gómìnà, ó sì kú ní 1883. Nana tí ó ti ń bá baba rẹ̀ ṣòwò tí ó sì ti ń bá a jagun láti ìgbà èwe ni ó jogún ilé, ọkọ̀, àwọn ẹrú àti orúkọ. Ní 1884 ni ó gba ọ̀pá àṣẹ gómìnà, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn ìdílé mìíràn tí wọ́n rò pé ó yẹ kí oyè náà yí kàn wọ́n kò dunnú sí i, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe ohun tí ó ṣe nígbẹ̀yìn.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí òwò náà ti ń rìn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà dúró lé. Àwọn Urhobo tí wọ́n wà lókè ilẹ̀ ni ó ń gún ẹyìn tí wọ́n sì ń fún epo. Àwọn òyìnbó wà nísàlẹ̀ odò létí òkun pẹ̀lú aṣọ, iyọ̀, tábà, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn Ìtsẹkírì ni ó wà láàárín. Òyìnbó á kó ọjà fún Ìtsẹkírì láwìn, Ìtsẹkírì á fi ọkọ̀ gbé e gòkè lọ fún àwọn tí ń fún epo, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ epo á sọ̀kalẹ̀ nínú àgbá ńláńlá láti fi san gbèsè. Kò sí ilé owó, kò sí ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni ni ìdúró rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ púpọ̀ àti ọmọ ogun tí yóò ṣọ́ ọjà rẹ̀ kò lè ṣe òwò náà dé ibi tí ó tóbi. Nana ní méjèèjì. Ó fẹ́ ìyàwó láàárín àwọn Urhobo, ó fi àwọn aṣojú rẹ̀ sí etí odò lókè, kò sì sí ẹni tí ọjà rẹ̀ pọ̀ tó ti rẹ̀ ní gbogbo Odò Benin.

A kò gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ pamọ́ nítorí pé a ń yin òkú. Ẹrú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wa ọkọ̀ Nana, tí ń ru epo rẹ̀, tí wọ́n sì ń di ìbọn rẹ̀ mú. Àwọn abúlé kan sì wà lókè tí wọ́n gbọ́ ìró ìbọn rẹ̀ nígbà tí gbèsè pẹ́ kí ó tó wọlé. Bí ọrọ̀ ṣe ń wá ní ìgbà náà nìyẹn, ní ilẹ̀ Ìtsẹkírì àti ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rántí àwọn olówó Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní ọdún wọ̀nyẹn yóò mọ̀ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò mọ́ jù.

Ní oṣù keje ọdún 1884, kọ́ńsúlù Hewett mú ìwé àdéhùn wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí ààbò, àwọn olóyè Ìtsẹkírì sì ní láti má ṣe bá orílẹ̀-èdè mìíràn dòwò pọ̀ láìgba àṣẹ. Nana fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò gba apá tí ó sọ pé kí oníṣòwò láti ibikíbi máa lọ ra ọjà níbi tí ó bá wù ú nínú ilẹ̀ náà. Ó mọ̀ pé bí òyìnbó bá lè gòkè lọ bá ẹni tí ń fún epo fúnra rẹ̀, ẹni tí ó wà láàárín ti di ẹni àná. Ọdún kan náà ni àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní Berlin lórí ilẹ̀ Áfíríkà, láìsí ọmọ Áfíríkà kan ní ìjókòó.

Ní 1886 iye owó epo wálẹ̀ ní ọjà òkè òkun. Àwọn oníṣòwò òyìnbó pinnu pé owó tí wọn yóò máa san ní Odò Benin gbọ́dọ̀ dínkù. Nana kọ̀, ó sì dá ọjà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọkọ̀ òkun dúró lófìfo. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ti mọ̀ pé gómìnà tí àwọn fi joyè kì í ṣe ìránṣẹ́ àwọn. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1887, ni wọ́n pe Jaja ọba Opobo sínú ọkọ̀ ogun wá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìlérí pé ewu kò sí. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti gbé e lọ sí ìgbèkùn. Jaja kò fi ojú rí ilé mọ́. Ní 1891 ni ó kú sí erékùṣù Tenerife nígbà tí ó ń padà bọ̀. Nana gbọ́ ìtàn yìí, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ní 1891 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi igbákejì kọ́ńsúlù kan tí ń jẹ́ Gallwey sí Odò Benin, òmíràn sì jókòó sí Sapele. Odò kan ti wá ní olórí méjì. Ìjọba fẹ́ kí ọjà ṣí sílẹ̀, Nana fẹ́ kí ó rí bí ó ti wà látẹ̀yìnwá. Àwọn ọmọ Ìtsẹkírì tí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá Dore Numa, sún mọ́ ìjọba, wọ́n sì ń sọ ohun tí etí òyìnbó fẹ́ gbọ́. Bí ilé kò bá kan ogiri, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́. Ní 1894 Ralph Moor tí ó ń di ipò kọ́ńsúlù àgbà mú fi ẹ̀sùn kan Nana pé ó ń dá ọjà dúró, ó ń kó ènìyàn lẹ́rú, ó sì ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn Urhobo. Ó pè é sí ìpàdé. Nana rántí Jaja, kò lọ fúnra rẹ̀. Àìlọ yìí ni ìjọba pè ní ọ̀tẹ̀.

Nana ti gbin òpó igi la ojú ọ̀nà omi kọjá kí ọkọ̀ ogun má baà wọlé, ó sì ti to ìbọn àgbá sẹ́yìn odi igi níbi tí ọ̀tá kò lè rí wọn. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ọkọ̀ Alecto gbìyànjú láti wọ Ebrohimi, ìbọn Nana sì dá wọn padà pẹ̀lú òkú àti ìpalára. Wọ́n tún gbìyànjú lórí ilẹ̀ àbàtà ní òpin oṣù náà, kò tún ṣeé ṣe. Ìgbà yìí ni wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gágun ojú omi Bedford, tí ó kó ọkọ̀ ogun Phoebe, Philomel àti Widgeon wá fi kún Alecto. Wọ́n rọ̀jò ọta sí ìlú náà, wọ́n la ọ̀nà gba inú igbó àbàtà, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1894 Ebrohimi sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìbọn àgbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ̀tù sì kún ilé. Wọ́n ba ìlú náà jẹ́. Iyanrìn tí Olomu fi ọkọ̀ rù ní ọ̀pọ̀ ọdún di ahoro.

Ṣùgbọ́n wọn kò rí Nana. Ó ti gba ojú omi lọ, láti odò dé odò, láti ọ̀sà dé ọ̀sà, ọ̀nà tí àwọn Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú ń gbà dé Ẹ̀pẹ́ àti Èkó, títí ó fi dé Èkó. Ìtsẹkírì kan tí ń jẹ́ Seidu Olowu, oníṣòwò tí a mọ̀ dáadáa ní Èkó, ni ó tọ̀ lọ. Èkó nígbà náà wà lábẹ́ gómìnà tirẹ̀, Sir Gilbert Carter, ẹni tí ó ti fi ogun ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892. Ìjọba rẹ̀ yàtọ̀ sí ìjọba tí ó kó ogun lọ sí Ebrohimi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1894 Nana jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Carter. Bí ó bá rò pé ìjọba Èkó yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, ìrètí náà já sí asán. Carter fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n ń wá a. Wọ́n gbé e lọ sí Calabar, ilé ẹjọ́ kọ́ńsúlù ìjọba kan náà tí ó bá a jagun ni ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní kí ó lọ sí ìgbèkùn títí ayé, kí ìjọba sì gba gbogbo ohun ìní rẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni.

Wọ́n kọ́kọ́ dá a dúró ní Calabar, ní 1896 wọ́n sì gbé e lọ sí Accra ní Gold Coast. Ọdún méjìlá gbáko ni ìgbèkùn náà. Nana kò jókòó bí ẹni tí ó ti kú. Ó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, pé òun kò bá ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣọ̀tá rí, pé àgbà ń dé, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sílé. Lákòókò kan náà ayé ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1897 ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Benin, wọ́n sì gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó kú sí ní 1914. Àwọn ilé ìtajà òyìnbó gòkè lọ sí Sapele àti Warri. Dore Numa tí ó ti bá ìjọba rìn di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ náà ń forí balẹ̀ fún.

Ní 1906 ni ìjọba gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, Nana sì padà. Òun kọ́ ni gómìnà mọ́, Ebrohimi kò sí mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi sílẹ̀ ti túká. Ẹni tí ó ti jẹ ìyà tó bẹ́ẹ̀ lè jókòó kí ó máa sunkún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe. Ó lọ sí Koko, ní etí Odò Benin, ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ilé ńlá ni ó kọ́, irú èyí tí ẹni tí ó ti gbé Accra tí ó sì ti rí ilé àwọn òyìnbó lè kọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ fún agbo ilé olóyè Ìtsẹkírì, kí ọmọ àti aya àti àlejò lè rí àyè. Inú ilé náà ni ó ti gbé ọdún tí ó kù fún un, ní ìrọ̀rùn, láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1916 ni ó kú, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Ilé náà wà níbẹ̀ di òní olónìí. Ní 1990 ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lábẹ́ àjọ tí ń tọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí Nana lò, àwòrán rẹ̀ àti ìwé ni a kó jọ síbẹ̀ fún àlejò láti wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ láti Onípánù, kí ó gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ dé Benin, kí ó sì gba ọ̀nà tí ó lọ sí Sapele. Lójú ọ̀nà náà ni yóò ti yà sí Koko, tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri North ní Ìpínlẹ̀ Delta. Kí ó má ṣe retí ìlú tí ọkọ̀ òkun ń já epo pupa sí lójoojúmọ́. Ìgbà ti yí. Ẹlòmíràn tilẹ̀ mọ orúkọ Koko kìkì nítorí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti Ítálì, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 1988, èyí tí ó mú kí ìjọba ṣe òfin líle lórí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Bí kò bá sí ilé Nana, ìdọ̀tí nìkan ni ayé ìbá máa fi rántí ìlú náà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ Onípánù. Ìbọn Nana ti lọ, epo rẹ̀ ti tán, àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Ilé tí ó kọ́ lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ní Èkó tiwa, ilé alájà tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ní gbàgede Tinúbú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí láti 1956, ni a wó palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìkéde ìjọba kò gbà á. Ohun tí kò ní olùtọ́jú nínú ilé, òfin nìkan kò lè dá a sí. Àgbàlá lè di ilé ìtajà ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ bí ibẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ní Ṣómólú, Bàrígà àti Onípánù wa, a kò ní ààfin gómìnà. Ṣùgbọ́n a ní ilé àkọ́kọ́ ní àdúgbò, a ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí baba wa fi kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ kọ́, a ní ilé ìtẹ̀wé tí ó sọ Ṣómólú di ibi tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a ṣe ohun mẹ́ta tí kò ju agbára wa lọ. Èkíní, kí a kọ orúkọ ilé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹni tí ó kọ́ ọ àti ọdún tí ó kọ́ ọ, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Èkejì, kí ìdílé tí ó bá fẹ́ ta ilé àtijọ́ kọ́kọ́ fi tó ẹgbẹ́ létí, kí a ya àwòrán rẹ̀ bí a kò bá tilẹ̀ lè rà á. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí Ọlọ́run bùkún fún lókè òkun dá owó ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, kí wọ́n máa lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: ilé alájà àkọ́kọ́ ní Badagry tí àwọn òyìnbó ìjọ CMS parí ní 1845, àti ilé Nana ní Koko. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí yàrá tí ẹni tí a lé kúrò nílé padà wá kọ́ yóò mọ̀ pé ìṣubú kì í ṣe òpin ènìyàn.

Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí, kí ó jẹ́ kí ilé tí a kọ́ pẹ́ ju ọjọ́ orí wa lọ, kí ó má sì jẹ́ kí a ṣe àwátì nílé ara wa. Àṣẹ.